Òtílí àti Ọkà Nínú Oko Kan: Ohun Tí Àgbẹ̀ Lè Ṣe Kí Òjò Tó Dé

Kò sí ohun tí ó ń dá àgbẹ̀ lóró bí òjò àkọ́rọ̀ tí ó tan ènìyàn jẹ. Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ tutù, ọkàn àgbẹ̀ sì balẹ̀. Ó gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí oko, ó sì gbìn ín. Lẹ́yìn èyí ni ojú ọ̀run yóò mọ́ kedere fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oòrùn yóò mú, èhù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí yóò sì gbẹ. Àgbẹ̀ tí ó ní irúgbìn púpọ̀ nínú àká yóò tún gbìn. Èyí tí kò ní yóò lọ yá, tàbí kí ó gbé èyí tí ó yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ sínú ilẹ̀. Àwọn àgbà wí pé, òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dá pẹ̀lú kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ilé tálákà ni ó sì ń kọ́kọ́ wọ̀.

Kò sí ọba tàbí ìjòyè tí ó lè pàṣẹ fún òjò. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà ní ìkáwọ́ àgbẹ̀, bí ó ti wù kí ó tòṣì tó. Èkíní ni ọjọ́ tí irúgbìn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Nítorí kì í ṣe ọ̀ranyàn pé inú oko ni gbogbo irúgbìn gbọ́dọ̀ ti hù. Èkejì ni ẹgbẹ́ tí irúgbìn náà yóò bá gbé lórí ilẹ̀ kan náà. Àgbẹ̀ tí kò ní omi mìíràn ju èyí tí ó ti òkè wá yóò ṣe rere bí ó bá tọ́ ọ̀gbìn tí ó lọ́ra ní àgbàlá ilé rẹ̀ kí òjò tó dé, tí ó sì jẹ́ kí ọ̀gbìn tí ó yára bá a gbé inú oko nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Èyí kì í ṣe àlá. Àwọn àgbẹ̀ ìhà gúúsù ilẹ̀ Índíà mọ iṣẹ́ méjèèjì yìí dáradára. Ó yẹ kí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, kí ó mọ èrè tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì mọ ìnira rẹ̀ pẹ̀lú.

Orúkọ ìpínlẹ̀ náà ni Karnataka. Ní ìhà àríwá rẹ̀, ní agbègbè Bidar àti Kalaburagi, ìlú tí a ń pè ní Gulbarga títí di ọdún 2014, ilẹ̀ dúdú tí ó máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó pọ̀ jù. Ní ìhà gúúsù, ní agbègbè Tumakuru àti Kolar, ilẹ̀ pupa ni ó wà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko wọ̀nyí ni kò ní odò tàbí kànga tí a lè fi bomi rin wọ́n. Òjò tí ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, tí ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọdún mìíràn ó pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún mìíràn ó dé ní àsìkò, ó sì dáwọ́ dúró láàrin ọ̀nà.

Òtílí ni olórí ọ̀gbìn ìhà àríwá náà. Togari ni wọ́n ń pè é ní èdè Kannada. Òtílí Kalaburagi lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Índíà fi fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2019, kí oníṣòwò ibòmíràn má ba fi orúkọ náà ta ọjà tirẹ̀. Ní ìhà gúúsù, ọkà wẹ́wẹ́ kan tí a ń pè ní ragi ni oúnjẹ wọn. Ìbátan jéró ni. Orí rẹ̀ là bí ìka ọwọ́, hóró rẹ̀ kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ aláṣọ lọ. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, wọ́n ń rò ó lórí iná, wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́ ní òkèlè, gẹ́gẹ́ bí a ti ń jẹ àmàlà.

Òtílí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n ní ẹ̀bá oko àti ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a gbìn ín sí tí a sì gbàgbé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí èso rẹ̀ gbó. Ẹni tí ó bá ti gbìn ín rí mọ ìwà rẹ̀. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, bí ẹni pé kò fẹ́ dàgbà ni. Koríko a bò ó mọ́lẹ̀, àgbẹ̀ a sì máa rò pé ó ti kú. Kì í ṣe pé ó sùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń rán lọ sí ìsàlẹ̀, jìnnà sí ibi tí gbòǹgbò ọkà lè dé. Lẹ́yìn náà ni yóò nà, tí yóò ya ẹ̀ka, tí yóò sì dúró nínú oko fún oṣù mẹ́fà, méje tàbí mẹ́jọ kí a tó ká a. Ragi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yára hù, ó yára bo ilẹ̀, a sì lè gé e láàrin oṣù mẹ́rin. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Nítorí náà, bí òtílí àti ọkà bá gbé oko kan, wọ́n dàbí obìnrin méjì tí wọ́n jọ ní ìsọ̀ kan ní ọjà, tí ọ̀kan ń pàtẹ ní òwúrọ̀ tí èkejì sì ń pàtẹ ní ìrọ̀lẹ́. Owó ìsọ̀ kan ni wọ́n san, ọjà méjì ni wọ́n tà.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni gbígbìn wọn pọ̀ jẹ́ ní Índíà, kò sì yẹ kí ó ya àgbẹ̀ Yorùbá lẹ́nu, nítorí òun náà ti ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí sí ara wọn láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni títọ́ èhù òtílí nílé kí a tó gbé e lọ sí oko. Ọ̀rúndún yìí ni ó gbilẹ̀ láàrin àwọn àgbẹ̀ Bidar àti Kalaburagi. Ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Ata ni a ń ṣí nípò, tábà ni a ń ṣí nípò; ta ni ó ń ṣí ẹ̀wà nípò?” Ṣùgbọ́n kí ó tó parí ẹ̀rín rẹ̀, kí ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Òtílí ìbílẹ̀ kì í ka oṣù láti mọ ìgbà tí yóò tanná. Gígùn ọ̀sán àti òru ni ó ń wò. Nígbà tí ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú tí òru sì ń gùn, ó mọ̀ pé ọdún ń lọ, ó sì yọ òdòdó. Bí a gbìn ín ní kùtùkùtù, bí a sì gbìn ín pẹ́, ìyàtọ̀ ọjọ́ òdòdó wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a gbìn ní kùtùkùtù ti di igi tí ó ní ẹ̀ka púpọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, nígbà tí èyí tí a gbìn pẹ́ yóò tanná pẹ̀lú ara kékeré. Igi kékeré kò lè ru èso púpọ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé bí òjò bá pẹ́ ní oṣù kan, ìyà oṣù kan náà yóò hàn nígbà ìkórè. Ẹni tí èhù rẹ̀ ti wà nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti gba oṣù náà padà lọ́wọ́ òjò.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é nìyí. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí oko ṣì gbẹ, wọn a kó àpò ọ̀rá kéékèèké jọ, tí gígùn rẹ̀ tó ínṣì 6, tí ìbú rẹ̀ sì tó ínṣì 4. Wọn a lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má ba dúró sínú rẹ̀. Wọn a po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ yanrìn àti ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà, wọn a sì kó o kún inú àpò náà. Hóró méjì ni wọ́n ń fi sínú àpò kan. Bí méjèèjì bá hù, wọn a fa èyí tí kò lágbára tu. Wọn a tò wọ́n sí abẹ́ ibòòji díẹ̀, ní ìtòsí omi, wọn a sì máa bomi rin wọ́n níwọ̀n. Kí ó tó di ọjọ́ tí wọn yóò lọ sí oko, wọn a dín ibòòji náà kù díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn oko má ba pa ohun tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi tutù dé ìsàlẹ̀, tí èhù sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọn a gbẹ́ ihò, wọn a fi abẹ ya àpò náà, wọn a sì gbé èhù pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sínú ilẹ̀ láìjẹ́ kí ó tú. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè ṣìnà. Òtílí kò dàbí ata, tí a lè fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò òfìfo kí a sì gbìn ín. Gbòǹgbò ńlá kan tí ó lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́, tàbí bí ó bá pẹ́ nínú àpò tí ó fi ká sí ìdí rẹ̀, igi náà kò ní lè wá omi mọ́ nígbà ọ̀dá. Èhù tí ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú àpò ti pẹ́ jù. Nítorí náà kí àgbẹ̀ má ṣe gbìn ín sínú àpò ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá ṣáà dùn. Kí ó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn láti ìgbà tí òjò máa ń fìdí múlẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rù pé òjò lè pẹ́ sí i, kí ó pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín èkíní àti èkejì.

Nítorí pé igi tí a tọ́ báyìí máa ń tóbi, àyè ńlá ni wọ́n ń fún un: bí ẹsẹ̀ bàtà 5 láti ìlà dé ìlà, àti ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 láti igi dé igi. Nígbà tí ó bá ti mú ilẹ̀ dáradára, wọn a ké orí rẹ̀ díẹ̀, kí ó má ba máa ga ní òun nìkan ṣùgbọ́n kí ó ya ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ka ni ó ń so èso, kì í ṣe ìdúró gíga.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé nìyí. Ẹsẹ̀ bàtà 5 láàrin ìlà méjì jẹ́ ilẹ̀ òfìfo fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àgbẹ̀ kò bá gbin nǹkan síbẹ̀, koríko yóò gbà á, òjò ńlá yóò sì wọ́ ọ lọ. Ọkà ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní ìhà gúúsù Karnataka, ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń fún àwọn tí ó ń gbin èyí tí kò kọjá nínú àpò ni ìlà ragi 8 sí ìlà òtílí 2. Fún òtílí tí a ṣí nípò, ìlà jéró 3 lè wọ àárín, pẹ̀lú ínṣì 15 láàrin ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọkà bàbà tí ó ga, ìlà 2 tó, pẹ̀lú ínṣì 20, kí òjìji rẹ̀ má ba pa òtílí. Nígbà tí a bá gé ọkà, oko kò ní ṣófo: òtílí yóò na apá rẹ̀ sí àyè tí ọkà fi sílẹ̀, yóò sì mu omi tí ó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ilẹ̀, èyí tí ọkà kò lè dé ibẹ̀.

Àwọn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tún wà, wọ́n sì yẹ ní mímọ̀. Ní ọdún 1886, Hermann Hellriegel ará Jámánì fi hàn pé kókó kéékèèké tí ó wà lára gbòǹgbò àwọn ọ̀gbìn irú ẹ̀wà ni wọ́n fi ń rí náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú kókó náà. Igi ń bọ́ wọn, àwọn náà sì ń bọ́ igi. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 ní Patancheru, nítòsí ìlú Hyderabad, kéde pé gbòǹgbò òtílí ń tú oje kan jáde tí ó ń gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò lọ́wọ́ irin inú ilẹ̀ pupa, ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn mìíràn kò ti lè rí i gbà. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti Índíà àti Switzerland tún fi hàn, nínú ìkòkò ìdánwò, pé òtílí lè fa omi láti ìsàlẹ̀ kí ó sì jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ragi tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí òkè ilẹ̀ bá gbẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwọ̀nyí tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn kan ń sọ pé òtílí yóò bọ́ ọkà ní ọdún kan náà, tí àgbẹ̀ kò fi ní nílò ajílẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí òtílí rí nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń lò fún ara rẹ̀. Ewé rẹ̀ tí ó ń wọ́ sílẹ̀ tí ó sì ń jẹrà ni ó ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, ọ̀gbìn ọdún tí ń bọ̀ ni ó sì ń jẹ èrè náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti omi: ó lè ran ọkà lọ́wọ́ láti má kú fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ oko di etí odò. Ọ̀rẹ́ ni òtílí jẹ́ fún ọkà, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Èrè tí ó dájú jù ni ti ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáradára ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì dá kíákíá, ọkà yóò ti wọ àká. Bí òjò bá dáwọ́ dúró nígbà tí ọkà ń yọ orí, tí òjò àrọ̀kúrò sì padà wá, òtílí yóò jí, yóò sì so. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọdún kan pa àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó gbin ẹyọ kan ṣoṣo lè kó jọ ju aládùúgbò rẹ̀ lọ ní ọdún tí ó dára. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó dára kọ́ ni ó ń sọ àgbẹ̀ di onígbèsè.

Ó kù kí a wo ìnira rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá yin nǹkan láìsọ iye tí ó ń náni, oníṣòwò ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 43,560 níbùú lóòró. Bí igi kọ̀ọ̀kan bá gba ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú àti 3 ní gígùn, éékà náà yóò gba igi 2,904. Àpò 2,904 ni ẹnìkan gbọ́dọ̀ kún, kí ó bomi rin, kí ó sì gbé lọ sí oko. Bí àpò kan bá wọn ìdajì kílò péré, ẹrù náà ju 1,400 kílò lọ. Lórí ta ni ẹrù yìí yóò wà? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé: lórí ìyàwó àti lórí àwọn ọmọ. Baba yóò gbọ́ nípa ọ̀nà tuntun náà, yóò sì yìn ín; ìyá ni yóò máa pọnmi sí i ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí kànga ń gbẹ, àwọn ọmọ ni yóò sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti máa kún àpò.

Èyí kò tọ́. Ọ̀nà tí ó mú oúnjẹ wá sí ilé nípa dídá ọmọ dúró kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ kan ni ó fi ń fún ni, ọwọ́ kejì ni ó sì fi ń gbà á. Baba tí ó bá fẹ́ tọ́ òtílí ní àgbàlá, òun ni kí ó kọ́kọ́ gbé garawa. Ní oṣù tí oko kò tíì gba ọkọ́ ni iṣẹ́ àpò wà, nígbà tí ọwọ́ àwọn ọkùnrin sábà máa ń dilẹ̀. Nítorí náà kò sí àwáwí. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà: bí àgbẹ̀ márùn-ún bá ṣe àáró, tí wọ́n jọ kún àpò olúkúlùkù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì jọ gbé e lọ sí oko, ẹrù tí ó lè dá ẹnìkan lẹ́yìn yóò fúyẹ́. Bí kò bá sí omi nítòsí ilé rárá, kí irú ilé bẹ́ẹ̀ má ṣe dáwọ́ lé e. Kí wọ́n gbin òtílí ní tààrà nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, kí wọ́n sì gbin ọkà mọ́ ọn. Gbígbìn pọ̀ nìkan ní èrè tirẹ̀.

Ọ̀rá pẹ̀lú jẹ́ ìṣòro. Bí a bá ya á tí a sì fi í sílẹ̀ nínú oko, kì í jẹrà. Ẹran lè jẹ ẹ́ kí ó sì kú. Kí àgbẹ̀ kà wọ́n bí ó ti ń ya wọ́n, kí ó sì kó gbogbo wọn padà sílé. Ẹni tí ó bá lè ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bí ife, tí ó sì fi okùn dì í, lè lò ó dípò ọ̀rá, bí kò bá jẹ́ kí ó pẹ́ títí tí yóò fi jẹrà tán kí ó tó gbé e lọ.

Ní ti àrùn, ọ̀kan wà tí ó ń mú kí òtílí rọ kí ó sì gbẹ lójijì nígbà tí ó fẹ́ so. Nínú ilẹ̀ ni olú tíntìntín tí ó ń fa àrùn náà ń gbé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọkà ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níhìn-ín: wọ́n ti rí i ní Índíà pé òtílí tí a gbìn mọ́ ọkà bàbà kì í sábà rọ tó èyí tí ó dá wà. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí a fa igi tí ó bá rọ tu kí a sì sun ún, kí a má sì ṣe dá òtílí padà sí ilẹ̀ náà ní ọdún kejì. Kí a má ṣe mú irúgbìn nínú oko tí àrùn wọ̀. Ìdin tí ń lu èso ni ọ̀tá kejì; ẹni tí kò bá wo oko rẹ̀ láti ìgbà tí òdòdó bá ti yọ, èèpo òfìfo ni yóò ká.

Ohun kan tún kù tí ó ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, èyí sì ni ìtìjú. Àwọn kan wà tí wọ́n ka òtílí àti jéró sí oúnjẹ àwọn tí kò rí ìrẹsì rà. Irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀ ń pa ilé lẹ́bi. Ẹ̀yà oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ọkà, ó pọ̀ nínú òtílí. Èyí tí kò tó nínú òtílí, ọkà ní i. Ọmọ tí ó bá jẹ méjèèjì pọ̀ rí ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ju ẹni tí ó jẹ ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ní ti ragi, èròjà tí ń mú egungun le tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ìrẹsì lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2016 sọ́tọ̀ fún àwọn oúnjẹ irú ẹ̀wà, ó sì ya ọdún 2023 sọ́tọ̀ fún jéró àti àwọn ìbátan rẹ̀. Òótọ́ ni pé òtílí gbígbẹ máa ń pẹ́ lórí iná. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi láti alẹ́, igi ìdáná tí yóò gbà yóò dín kù, igi òtílí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè sì jẹ́ igi ìdáná.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé kàlẹ́ńdà Karnataka wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò ibí. Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí òjò ti pọ̀, èhù kì í sábà kú nítorí òùngbẹ, wàhálà àpò kò sì fi bẹ́ẹ̀ lérè níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ní agbègbè Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn, tí ọkà bàbà sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, kí àgbẹ̀ má ṣe fi gbogbo oko rẹ̀ dán an wò. Kí ó mú ìdá mẹ́rin éékà kan, tí yóò gba igi 726. Kí ó pín in sí méjì: kí ó gbin apá kan pẹ̀lú èhù inú àpò, kí ó sì gbin apá kejì ní tààrà, kí ọkà wà nínú méjèèjì. Nígbà ìkórè, kóńgò kan náà ni kí ó fi wọn èyí tí ó rí ní apá kìíní àti ní apá kejì. Kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó fi ṣiṣẹ́ ní apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, títí kan ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi pọnmi. Nítorí iṣẹ́ tí a kò kà ni ó ń mú kí ohun tí ó gbówó lórí dàbí ọ̀fẹ́.

Bí èrè apá tí a ṣí nípò bá ju wàhálà rẹ̀ lọ, kí ó fi kún un ní ọdún kejì. Bí kò bá jù ú lọ, kò pàdánù púpọ̀, ó sì ti ní òtílí àti ọkà nínú àká. Èyí tí ó burú ni kí ènìyàn jókòó láti ọdún dé ọdún, kí ó máa wo ojú ọ̀run, kí ó sì máa gbin irúgbìn kan náà ní ọ̀nà kan náà bí ẹni pé òjò ti bá a dá májẹ̀mú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òjò yóò dé ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. Ohun tí ó yẹ àgbẹ̀ ni pé kí ó bá èhù tí ó ti dúró dè é.